Ẹkún Tánganran Funfun

Tánganran funfun, ọmọ amọ̀ tó wọ iná tí kò di eérú. Funfun báláú, funfun nini, ọ̀ṣọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Ẹ̀yin àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n fi wúrà fá létí; ẹ̀yin ife tíì pẹ̀lú sọ́sà yín; ẹ̀yin abọ́ ọbẹ̀ onídèérí; ẹ̀yin jọ́ọ̀gì ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́; ìwọ erin funfun tó na ọwọ́ ìjà sókè; ẹ̀yin ẹyẹ méjì tí ẹ kọjú síra yín láti ọdún gbọọrọ tí ọ̀kan nínú yín kò fò. Mo kí yín, mo sì wá sunkún sí yín létí. Ẹni tó kó yín jọ ti lọ. Ìyá mi ti re ibi àgbà ń rè. Ọwọ́ tó ń nù yín lásìkò ọyẹ́ ti rọ. Ẹnu tó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yín ti wá ti pa dé.

Aṣọ ìyá mi yóò gbó. Ilé ìyá mi, bó pẹ́ bó yá, yóò nílò àtúnṣe, ọjọ́ kan á sì wà tí yóò wó. Irin ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ti ń dípẹtà. Ẹ̀yin nìkan ni òjò ò lè rà, tí kòkòrò ò lè jẹ, tí ìpẹtà ò mọ ọ̀nà ilé yín. Ẹ ó wà. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún gan-an nìyẹn. Wọ́n ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Èmi akáṣọlérí rèé: ara mi ni mo ń sunkún, ẹ̀yin ni mo kọjú sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ìyá mi kò sọ tán, ọ̀dọ̀ yín ló wà, ẹ ò sì ní ahọ́n.

Àwọn àgbà ní Ọbàtálá aláṣọ funfun ló bu amọ̀, tó fi mọ orí, tó fi mọ ọwọ́, tó fi mọ ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn. Amọ̀ ni ìyá mi, amọ̀ ni ẹ̀yin náà. Ṣùgbọ́n Òrìṣà kò gbé tiwa sínú ààrò. Amọ̀ tútù la fi rìn láyé, amọ̀ tútù la sì fi padà sínú ilẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wọ ilé iná. Ẹ̀yin lẹ jókòó sínú ooru tó ń lọ sí bí 1,300 lórí ìwọ̀n Celsius, títí gbogbo ara yín fi yọ́ mọ́ra, tí omi kò rí ihò gbà kọjá mọ́. Iná ìta gbangba tí àwọn ìyá amọ̀kòkò wa ń dá ní Ìpetumodù àti ní Ìlọrin kì í gbóná débẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àmù inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ń làágùn, tí omi inú rẹ̀ sì ń tutù. Ẹ̀yin kì í làágùn. Ẹ kì í rẹ̀. Ẹ kì í darúgbó. Ìyá mi làágùn, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n darúgbó lójú yín, ẹ sì ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì.

Funfun yín kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n kùn. Irin tó wà nínú amọ̀ ló ń sọ ìkòkò di pupa bí iná bá kàn án. Amọ̀ tí irin inú rẹ̀ kéré ni iná ń sọ di funfun. Ilẹ̀ wa ní irú amọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wà ní Ìjerò-Èkìtì, ó wà ní Kankara nílẹ̀ Katsina. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ìyá mi kó jọ, òkun lẹ bá wá. Àwọn kan nínú yín, ọmọ Ṣáínà ni wọ́n, ilẹ̀ tí ìlú Jingdezhen ti ń mọ tánganran láti ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ẹwà yín ti da orí ọba rú rí. Augustus, olórí Saxony nílẹ̀ Jámánì, tó tún jẹ ọba Poland, kó ọmọ ogun 600 fún ọba Prussia lọ́dún 1717, ó sì gba tánganran 151 dípò wọn. Ọba kan náà ló ti Johann Böttger mọ́lé pé kó sọ ohun tí kì í ṣe wúrà di wúrà. Böttger ṣe é tì. Amọ̀ funfun ló jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Meissen ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1710.

Ẹ gbọ́ o, ọba gbé ọmọ ọlọ́mọ lé òṣùwọ̀n, ó fi gba àwo. Ìyá mi kò fi ọmọ ẹnì kankan ra yín. Aṣọ ni wọ́n tà ní Gbági, nílùú Ìbàdàn. Wọ́n jí lóròòwúrọ̀, wọ́n to àǹkárá, wọ́n to léèsì, wọ́n to dàmásíkì, wọ́n fi ọ̀pá wọn aṣọ títí èjìká fi ń ro wọ́n. Bí ọjà bá tà, tí wọ́n san gbèsè, tí owó oúnjẹ kúrò, tí owó ìwé wa kúrò, èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ wò yín. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń ra wúrà. Àwọn kan ń ra ìyùn. Ìyá mi a ra ife kan. Oṣù mélòó kan á tún kọjá, wọ́n á ra sọ́sà rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ funfun? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Láti àárọ̀ dalẹ́, àwọ̀ ni ojú wọn ń rí ní ìsọ̀: pupa ń pariwo, ọsàn ń pariwo, àwọ̀ ewé ń pariwo, oníbàárà náà ń pariwo pé ó wọ́n jù. Bí wọ́n bá délé, wọ́n fẹ́ ohun tí kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n á tú gèlè, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á jókòó sí iwájú yín lórí àga pálọ̀, wọn ò ní tan tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á kàn máa wò yín. Àwa ọmọ rò pé oorun ló ń kùn wọ́n. Ìsinmi ni. Ẹ̀yin ni ìsinmi tí ìyá mi fi owó ara wọn rà.

Àwọn mìíràn nínú yín, eegun ló wà lára wọn. Ní Stoke-on-Trent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń sun eegun màlúù di eérú, wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀, eérú eegun náà á sì tó bí ìdajì. Josiah Spode ló sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi níparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Bí èèyàn bá gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, òjìji ìka á yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá mi fi hàn mí lẹ́nu fèrèsé. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé, wọ́n gbé àwo sókè, wọ́n la ìka márààrún sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní, "Wò ó, ọwọ́ mi rèé nínú àwo." Mo rí i: ìka márùn-ún, oríkèé òrùka tó wú díẹ̀, èékánná àtàǹpàkò tí kíká aṣọ ti sọ di pẹrẹsẹ. Ilé iṣẹ́ Spode ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Stoke lọ́dún 2008, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà nídìí àwọn àwo tó ti ibẹ̀ jáde. Ẹni tó mọ yín kọ orúkọ sí yín nídìí. Ẹni tó rà yín, tó gbé yín bọ̀ lórí itan nínú mọ́lúè, tó ń sọ fún awakọ̀ pé kó rọra, níbo ni wọ́n kọ tirẹ̀ sí?

Ẹ rántí ọjọ́ ìwẹ̀ yín. Bí ọyẹ́ bá ti wọlé tí Kérésì ń bọ̀, ìyá mi á ti ilẹ̀kùn pálọ̀. Wọ́n á tẹ́ táwẹ̀lì sí ìsàlẹ̀ bàsíà, wọ́n á bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, wọ́n á fi ọṣẹ díẹ̀ kàn án. Kànìnkànìn ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Àkísà àdìrẹ tó ti rọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wẹ̀ yín. Àwa ọmọ, ẹ̀yìn àga la ti ń yọjú. Wọ́n á gbé àwo lé orí ìka mẹ́ta, wọ́n á fi èékánná ọwọ́ kejì ta á létí. Bó bá dún gooin, tí ohùn rẹ̀ pẹ́ kó tó kú, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé e sórí aṣọ funfun. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò lọ́jà nìyẹn kí wọ́n tó sanwó, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń dán an wò lọ́dọọdún, bóyá ọdún tó kọjá ti pa á lára. Bó bá dún kẹ̀, wọ́n á dákẹ́. Wọ́n á gbé e sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á fi ìka tọ ojú ibi tó ti sán, ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ. Wọn ò ní sọ ọ́ nù. Mo gbọ́ ọ létí ara mi bí wọ́n ṣe sọ fún un pé, "Pẹ̀lẹ́. Ìwọ nìkan kọ́." Wọ́n á dá a padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á kọ ojú ibi tó sán sí ògiri.

Kí ló sán lára ìyá mi nígbà náà? Ògiri wo ni wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí, kí a má bàa rí i? Tánganran, ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ. Ta ni kí n bi?

Mo yíjú sí pákó ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn kọ́ọ̀bù ìrántí wà. Ẹni tó bá lọ síbi òkú àgbà, tó jẹ, tó mu, tó náwó fún onílù, kì í bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Kọ́ọ̀bù funfun kan á tẹ̀lé e wálé: àwòrán olóògbé níwájú, orúkọ olóògbé lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ọjọ́ tí wọ́n sin ín, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ wúrà. Ìyá mi kó gbogbo wọn jọ. Bàbá àgbà wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà abetí ajá. Àbúrò ìyá mi obìnrin wà níbẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀, eyín rẹ̀ tó já níwájú hàn gbangba. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn wà níbẹ̀. Ará àdúgbò tí a kò bá tan wà níbẹ̀, nítorí pé ó ti yá ìyá mi lówó rí lọ́jọ́ tí ojú ń pọ́n wọn. Ìdílé wa kò ní ìwé ìtàn. Kọ́ọ̀bù ni ìwé ìtàn wa, ìyá mi ló sì mọ̀ ọ́n kà. Òfin ibẹ̀ le: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi bàbá àgbà mu gàrí.

Ìwọ ìkòkò tíì ńlá, ìwọ oníkùn gbẹ̀ǹdẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ bá ọ sọ. Tíì kò wọ inú rẹ rí. Àlejò pàtàkì tí wọ́n ní wọ́n ń tọ́jú rẹ dè kò dé. Nígbà tí a ṣí ìdérí rẹ lẹ́yìn ìsìnkú, kọ́bọ̀ onírin àtijọ́ ló kọ́kọ́ dún. Yẹtí kan tí ìkejì rẹ̀ ti sọnù tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni ìwé kan jáde, tí wọ́n ká, tí wọ́n fi rọ́bà dè, tí rọ́bà náà sì já lọ́wọ́ wa nítorí ogbó: rìsíìtì owó ilé ìwé wa ni, ti ẹ̀gbọ́n, ti àbúrò, ọdún lé ọdún, íńkì rẹ̀ ti ń sá. Ẹ̀yin sọ́sà tí kò pé, ẹ̀yin àwo tí iye yín kò tó bó ṣe yẹ kó tó, ẹ wá wo ibi tí owó yín gbà lọ. Nínú ìkùn ìkòkò yìí ló wà. Ìyá mi pa á mọ́ sáàárín yín kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn kò gbàgbé yín.

Mo mọ ìtàn àwọn kan nínú yín, mo sì fẹ́ kà á kí etí gbọ́. Ìwọ abọ́ ọbẹ̀ onídèérí, àwọn ẹgbẹ́ aláṣọ ló fi ọ́ ta ìyá mi lọ́rẹ nígbà tí wọ́n ṣílé. Ìwọ erin funfun, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ló gbé ọ ti London bọ̀, inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló fi ọ́ sí kí o má bàa fọ́, ìbọ̀sẹ̀ náà sì wà lábẹ́ rẹ títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀yin ẹyẹ méjì, Kingsway ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti rà yín, nígbà tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá wọn wá. Ọrùn ọ̀kan nínú yín ti kán rí. Ọwọ́ bàbá mi ló lẹ̀ ẹ́ padà, ó lẹ̀ ẹ́ wọ́, ìyá mi sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ìwọ sọ́sà tí kò ní ife, ta ni ọ́? Ife rẹ dà? Ta ló fọ́ ọ? Kí ló dé tí wọn kò fi ọ́ sí ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn tó sán, tó fi jẹ́ pé àárín gbùngbùn lo wà, níwájú gbogbo àwo tó pé? Ìwọ abọ́ kékeré tí etí rẹ ti hó, tí kò ní wúrà, tí kò ní òdòdó, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ni wọ́n ṣẹ́ aṣọ kíróṣé lé lórí, ọmọ ta ló jẹun nínú rẹ? Ṣé ọmọ kan wà ṣáájú wa tí a kò mọ̀? Ìwọ àwo tí wọ́n kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí lẹ́yìn pẹ̀lú bírò, lẹ́tà tí kò bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ilé wa, ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Mo bi àbúrò wọn, ó ní òun kéré nígbà náà. Mo bi ọ̀rẹ́ wọn kan ní Gbági, ó sunkún, kò sọ̀rọ̀. Ta ni kí n bi?

Ọjọ́ pínpín dé. Ilẹ̀ rí ẹni béèrè rẹ̀. Ọkọ̀ rí ẹni béèrè rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ìyùn nawọ́, ẹni tó fẹ́ aṣọ òkè nawọ́. Nígbà tó kan yín, pálọ̀ pa rọ́rọ́. Ẹnì kan ní ilé òun kéré. Ẹnì kan ní àwo dúdú ló lòde báyìí. Ẹnì kan ní kí a kó yín fún àwọn alásè, pé wọ́n á rí yín lò. Ẹnì kan fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kò fẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé báàgì Gánámọ́ọ̀sìgò wá, wọ́n ń tò yín lé ara yín, kò sí bébà láàárín yín, kò sí àkísà. Etí mi gbọ́ igbe yín: kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Nínú gbogbo àwo tí ń dún nínú báàgì náà, n kò gbọ́ gooin ẹyọ kan. Ohun tí òkun kò fọ́, tí mọ́lúè kò fọ́, tí ọmọ mẹ́rin tí ń sáré kiri pálọ̀ kò fọ́, ìrọ̀lẹ́ kan ló fọ́ ọ. Mo gba èyí tí apá mi ká. Àwọn tó kù bá ọkọ̀ lọ.

Ẹ̀yin tó lọ, ẹ ò kú. Ẹ ó tún jẹ oúnjẹ òde, ẹ ó ru ìrẹsì àwọn ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fọ́ pàápàá, ẹ ò ní jẹrà. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n tò ní ìdúró, etí sókè, ọ̀kan ti ìkejì, tí wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà àti àgbàlá. Ìtàn ní Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ló pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe é kí ẹrẹ̀ má bàa ba ẹsẹ̀ òun jẹ́. Ó ti ju 600 ọdún lọ. Òjò ti rọ̀ lé e, ilé ti hù lórí rẹ̀, ilé ti wó lórí rẹ̀, ó ṣì wà. Ìyá ẹnì kan ló gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan ìkòkò wọ̀nyẹn kaná kó tó di àpáàdì. Kí lorúkọ ìyá náà? Kí ló sè fún ọmọ rẹ̀? Àpáàdì wà, ìdáhùn kò sí.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò tíì parẹ́ nínú àwọn ìyá amọ̀kòkò, ẹnì kan ló tọ̀ ọ́ lọ. Àbátàn ti Òkè-Ọdàn mọ ìkòkò fún òrìṣà Erinlẹ̀, ère obìnrin lórí ìdérí rẹ̀. A mọ̀ ọ́n lórúkọ nítorí pé Robert Farris Thompson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, jókòó tì í, ó béèrè, ó sì kọ ohun tó gbọ́ sínú àpilẹ̀kọ tó jáde lọ́dún 1969. Nínú ààfin ẹ́míà Abuja àtijọ́, tó ń jẹ́ Suleja báyìí, ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí ìkòkò Ladi Kwali, ọ̀ṣọ́ ilé ọba. Lọ́dún 1954 Ladi wọ ilé ẹ̀kọ́ amọ̀kòkò tí Cardew dá sílẹ̀ níbẹ̀, lónìí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó 20 náírà. Mélòó ni àwọn tí ìkòkò wọn dára tó bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè?

Ẹkún mi kọjá òkun, ó dé Cuba. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, tí wọ́n wá ń pè ní Lukumí, tánganran ni wọ́n ń tọ́jú òrìṣà sí. Abọ́ ọbẹ̀ onídèérí, irú èyí tó ń wà lórí tábìlì àwọn ọlọ́lá Sípéènì, sopera lédè wọn, inú rẹ̀ ni ọta òrìṣà ń gbé. Ti Ọbàtálá a máa funfun. Wọ́n ní kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tò wọ́n sí, pákó lé pákó, Ọbàtálá ló sì ń gba òkè. Bí olórìṣà bá kú, wọn kì í dédé kó abọ́ pín. Wọ́n á ṣe ìtútù fún un. Wọ́n á kọjú sí òrìṣà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á bi í: ṣé ìwọ á bá olóhun lọ, àbí ìwọ á dúró? Èyí tó bá ní òun á dúró, wọ́n á tún bi í pé ọ̀dọ̀ ta ni. Èyí tó bá ní òun ń lọ, wọ́n á tú u ká, kò tún ní jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó dùn mí dé egungun. Àwọn tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ ìyá wọn, tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú omi láìmú igbá, láìmú àmù, tí wọn kò rí ẹni kí wọn pé ó dàbọ̀, àwọn ló ń bi abọ́ léèrè ibi tó fẹ́ lọ. Àwa tí a wà nílé, tí ìyá wa kú sọ́wọ́ wa, tí a fọwọ́ pa ojú wọn dé, báàgì la gbé wá.

Ìyá mi, ẹ sùn re o. Ẹ sùn re, aláṣọ Gbági, olówó ibi funfun. Ẹyẹ yín wà lọ́dọ̀ mi, ọrùn rẹ̀ ṣì wọ́. Sọ́sà yín wà lọ́dọ̀ mi, mo gbé e sí àárín gbùngbùn bí ẹ ṣe gbé e sí, n kò sì mọ ìdí.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì ń mí, tí wọ́n ṣì ń fi èékánná ta àwo létí, ẹ má dúró dìgbà tí a bá ń pín ẹrù. Ẹ jókòó síwájú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú wọn nígbà tí ara wọn le. Ẹ má fi ìgbà kan rò pé pálapàla àwọn àgbà ni. Ẹ gbé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n: ta ló fún yín, níbo lẹ ti rà á, ta ló fọ́ ìkejì rẹ̀, ta lẹ fẹ́ kí n gbé e fún? Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ èyí tó sán, nítorí òun lọ́rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jù. Ẹ ya bébà péńpé, ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àwo. Ilé iṣẹ́ tó mọ ọ́n ti kọ orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ìyá yín tì í.